Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ Ìkókó Lẹ́nu Ọmú

Láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ títí di ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ìkókó, àlejò tí ó fi ìhòòhò wọ̀lú, lórúkọ, kò sí ohun tí ń ba abiyamọ tuntun lẹ́rù tó pé bóyá ni omi ọmú òun tó. Bẹ́ẹ̀ ni omi pupa rúsúrúsú tí ó ki, tí ó ń kán tó, tó, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò jọ ohun tí ènìyàn lè gbọ́kàn lé. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àgbà ilé a ní kí a fún un dànù, wọn a kà á sí ìdọ̀tí, wọn a sì fi àgbo dí ọmọ lẹ́nu di ìgbà tí ọmú funfun bá dé. A júbà wọn, ṣùgbọ́n a kò ní bá wọn ṣe èyí, nítorí inú omi rúsúrúsú náà gan-an ni ohun tí ń bá àrùn jà pọ̀ sí, ohun tí ọmọ ọjọ́ kan ń mu lẹ́ẹ̀kan kò sì sábà ju nǹkan bí ṣíbí kékeré kan lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ọmú a kún, a wú, a sì gbóná díẹ̀.

Kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn ìbí ni kí ọmọ ti wà lẹ́nu ọmú, kí ó sì máa mu ún ní ìgbà 8 sí 12 tọ̀sán-tòru. Kí ẹnu rẹ̀ là gbàgà, kí ó gba dúdú tí ó yí orí ọmú ká mọ́ ọn. Bí inú bá ń lọ́ ìyá nígbà náà, ilé ọmọ ni ó ń sunkì.

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má ta tí were, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹkún ni ti ebi. Ìlédìí ni kí a wò: láti ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kí ọmọ tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, kí ìgbẹ́ dúdú sì ti di rúsúrúsú. Ọmọ a fọn díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, a sì sanra padà kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Bí ìtọ̀ bá wọ́n, tàbí tí ibà mú ìyá tí ọmú rẹ̀ kan sì le, ilé ìwòsàn yá.

Bàbá ọmọ kò lọ́mú, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́: kí ó gbé ọmọ lé èjìká kí ó gùnfẹ̀, kí ó gbé oúnjẹ gbígbóná fún ìyàwó rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá tirẹ̀ pé omi tí wọ́n bù fún ọmọ sínú ife yẹn, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà mú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù 6.