Iṣẹ́ Ogun àti Ọ̀dọ́ tí Kò Mọ Ibi tí Ó ń Lọ

Kò sí ìjọ kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní irú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí: ó ti parí ilé-ìwé, kò lọ sí oko, kò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀bá ọ̀nà ni a sì ń bá a láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Kò kàn mọ ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe ni. Àwọn òbí a sì máa wí pé, “Bí ó bá wọ iṣẹ́ sójà, yóò gbọ́n.” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ ogun tí ń tún ọmọ ṣe, nítorí lójú tèmi, kì í ṣe ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ Isaac Fadoyebo yẹ̀wò, ẹni tí a bí ní Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1925. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun, ní àkókò tí ogun Hitler ń jà, kò sì bi bàbá tàbí ìyá rẹ̀ léèrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó wò!

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a fi lé e lọ́wọ́. Ó bá Ìpín 81 ti ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà, èyí tí a ń pè ní Myanmar lónìí. Orí ni àwọn ọmọ-ogun yìí fi ń ru ẹrù nínú igbó tí mọ́tò kò lè wọ̀, ọkọ̀ òfúrufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tìkára wọn ni wọ́n la ọ̀nà tí ó tó máìlì 75 gba orí òkè lọ sí àfonífojì Kaladan. Ọ̀dọ́ tí ń sùn nílé títí oòrùn fi kanrí kò lè sùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá gbàgbé ẹrù rẹ̀, ẹlòmíràn kò ní jẹun. Bí ó bá fi ọgbẹ́ sílẹ̀ láìdì, ènìyàn yóò kú. Bàbá lè sọ̀rọ̀ títí kí ọmọ má gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀mí ẹnìkejì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, etí rẹ̀ a là. Balógun ọ̀rún ti Kapernaumu mọ ohun tí ó jẹ́ láti wà lábẹ́ àṣẹ, Olúwa wa sì yìn ín.

Ẹ má jẹ́ kí a fi apá kejì pamọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944 àwọn ará Japan kọlu ẹgbẹ́ Isaac ní etí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ kú, ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ ní ikùn. Òun àti David Kagbo, ará Sàró, ni ó kù nínú igbó. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman, Mùsùlùmí ni, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, ó sì fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù Kejìlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọ̀tá bá gbọ́, wọn ìbá pa á. Isaac padà wálé, ṣùgbọ́n ó tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ó di akọ̀wé ìjọba ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1999. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò rí iṣẹ́ ṣe nígbà tí wọ́n dé. Ẹni tí ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, tàbí àtúnṣe ẹ̀rọ, tàbí ìtọ́jú aláìsàn, ó ní ohun tí yóò mú bọ̀ wálé. Ẹni tí a kọ́ ní ìbọn yíyìn nìkan, kí ni yóò fi í ṣe ní abúlé? Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè iye owó oṣù. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ ọ. Kí ẹ sì sọ fún un pé ó lè fi ẹsẹ̀ kan san án, tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2011 oníròyìn kan mú lẹ́tà ọpẹ́ Isaac lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rẹ̀ gba lẹ́tà náà. Isaac sùn nínú Olúwa ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.