Ó Gbé Òkun Wọ Pálọ̀, Díẹ̀ Ló Kù Kó Kó Bá Gbogbo Ilé

Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ní abúlé Steventon, lágbègbè Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2018. Iná ò jó, ilé ò wó. Ẹja ni bàálé ilé ń sìn! Iyùn inú àpótí dígí tó ń sin ẹja sí ló gbé jáde kó lè fọ̀ ọ́, àṣé májèlé wà lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara gbogbo ilé ò fi yá mọ́, wọ́n ń wúkọ́, èémí ń há. Àwọn tó wá gbà wọ́n là pàápàá dèrò ọsibítù. Orí kó wọn yọ, kò sẹ́ni tó kú.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà lè máa bèèrè pé, ṣé iyùn ọrùn ọba náà ni? Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Egungun ẹ̀dá abẹ́ òkun ni iyùn tí àwọn ọba wa ń lò. Èyí tí wọ́n ń sìn sínú dígí ṣì wà láàyè ni tirẹ̀, á máa là bí òdòdó. Àwọn kan nínú wọn ló ní májèlé tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kó má sì da omi gbígbóná lé e, nítorí òórùn omi gbígbóná náà lè gbé májèlé wọ imú.

IYỌ̀ ỌBẸ̀ Ò ṢE É

Àkànṣe iyọ̀ ni wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, èyí tó ní kálísíọ́ọ̀mù tí iyùn fi ń kọ́ egungun. Bíi gíráàmù 35 ló ń lọ sí lítà omi kan. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì ò ṣe é pò ó. Omi náà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí pọ́ǹpù sì máa rú u tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ tí kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, èémí ẹja ò ní pẹ́ há.

Bí omi bá fà, àwọn kan á tún da omi iyọ̀ sí i. Àṣìṣe ńlá! Ìyá tó ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé bí omi bá gbẹ lórí iná, iyọ̀ ò bá a lọ, ṣe ló ń le sí i lẹ́nu. Omi lásán tó mọ́ ni kí wọ́n fi dí i.

SÙÚRÙ LÓ WỌ́N JÙ

Bí dígí bá ti ń dán, ojú olówó á máa wá ẹja. Kó rọra! Ìtọ̀ àti ìdọ̀tí ẹja a máa di àmóníà, irú èyí tó ń ta síni nímú nílé ìtọ̀ gbangba. Omi òkun pọ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Nínú àpótí, ìtọ̀ ara rẹ̀ ni yóò pa á. Àwọn kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ló ń sọ àmóníà di nitrite, májèlé ṣì ni. Àwọn mìíràn á wá sọ èyí di nitrate, tí ẹja lè fara dà díẹ̀. Ẹyọ edé kan ni àwọn mìíràn ń jù sómi kó jẹrà, kí kòkòrò lè rí nǹkan jẹ. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Aláró tó ti ki aṣọ bọ aró tí kò tíì kan rí mọ ohun tí à ń wí.

Ọkùnrin ará Indonesia kan, Lee Chin Eng, ló kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1961 pé òkúta òkun tí nǹkan alààyè wà lára rẹ̀ lè máa tún omi ṣe. Ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣì ń tọ̀.

ỌKỌ DI ÌYÀWÓ

Ìgbín òkun ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ẹja kan tàbí méjì, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí òmíràn tó dé. Clownfish, ẹja aláwọ̀ ọsàn tó nílà funfun, ló rọrùn láti sìn. Ìyá ló tóbi jù nínú wọn, òun ló ń jọba. Bí ìyá bá kú, bàbá á di ìyá, akọ kékeré tó tẹ̀lé e á sì di ọkọ rẹ̀. Kàyéèfì, àbí?

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Philippines ti ń fín sáyánáìdì sínú ihò iyùn kí ẹja lè dákú. Iyùn á kú. Ẹja tó jí lè kú sílé ẹni tó rà á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, owó wọgbó. Clownfish tí wọ́n bí sínú dígí wà lọ́jà báyìí. Ẹni tó bá ń rà, kó ní kí ọlọ́jà fún ẹja lóúnjẹ lójú òun. Èyí tí kò bá jẹun nísọ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.