Ara Àgbà àti Ẹrù Òmùwẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí alára bá ti dàgbà, tí ó sì tún fẹ́ di ẹrù mìíràn lé ara náà ńkọ́?

Láti ọdún 1943 tí àwọn ará Faransé méjì, Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan, ti ṣe ẹ̀rọ tí òmùwẹ̀ fi ń mí lábẹ́ omi, ẹ̀yìn ni ènìyàn fi ń gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ wọ inú òkun. Ìgò onírin, bẹ́líìtì òjé àti aṣọ òtútù lè wúwo ju kílò 25 lọ lápapọ̀. Nínú ibú, omi ni ó ń gbé ẹrù náà. Orí ilẹ̀ àti orí àkàsọ̀ ọkọ̀ tí ń mì ni ẹ̀yìn àti orúnkún ti ń jìyà.

Síbẹ̀, ní ọdún 2019, Ray Woolley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ẹni ọdún 96, wọ ibú tí ó jìn ju mítà 40 lọ nítòsí Larnaca, ní erékùṣù Kípírọ́sì, níbi tí ọkọ̀ Zenobia rì sí ní 1980. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti fi ń wọ omi láìdẹ́kun.

Iṣan tí a kò bá lò ni ó ń yára joro. Èyí tí a bá ń lò a máa dáhùn, àní lára arúgbó. Kí àgbà máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í. Kí ó máa gbé garawa omi méjì rìn pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ó nà, kí ó sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn líle nìkan kò tó. Bí a bá wọ omi, ẹ̀jẹ̀ a máa ti ẹsẹ̀ àti apá sún wá sí àyà, iṣẹ́ ọkàn a sì pọ̀ sí i. Àìsàn ọkàn wà lára ohun tí ń pa àwọn àgbà òmùwẹ̀ jù lọ. Nítorí náà, kí dókítà yẹ ọkàn wò kí a tó gbé ìgò.

Ìtìjú ni ọ̀tá kejì. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í fẹ́ kí a bá òun gbẹ́rù, bẹ́ẹ̀ sì ni ènìyàn lè gbé ìgò wọ̀ nínú omi, tàbí kí ó yan èyí tí ó kéré. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ó jẹ́ kí ọ̀dọ́ gba ìgò lọ́wọ́ òun lórí àkàsọ̀ lè tún padà wọ òkun lọ́la.