Ṣé o mọ̀? Ọmọ Yorùbá ló dá tiata fahodzi sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Femi Elufowoju, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ló dá ẹgbẹ́ òṣèré tiata fahodzi sílẹ̀ ní 1997, kí ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ní Bìrìtéènì lè rí orí ìtàgé dúró lé.

Ní 2005, ó gbé The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí sórí ìtàgé Arcola ní Lọ́ńdọ̀nù. Eré náà ti rìn jìnnà: ìtàn Oedipus ti ilẹ̀ Gíríìkì ni Rótìmí sọ di ti Ọba Odéwálé, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 1968. Wò ó bó ṣe padà sí Yúróòpù pẹ̀lú ọba wa àti òwe wa! Ìrìn àjò yẹn wú mi lórí ju àmì ẹ̀yẹ èyíkéyìí lọ.

Iya-Ile, tí Oladipo Agboluaje kọ, tí Elufowoju sì darí ní 2009, wà lára àwọn eré tí wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn Olivier, ẹ̀bùn eré ìtàgé ní Bìrìtéènì. Ní 2022, Elufowoju darí Rigoletto, eré olórin Verdi, fún Opera North ní Leeds.