Màlúù Ìdàáṣà àti Àwọn Tí Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tí ó ra ẹran ní ọjà Ìdàáṣà mọ alápatà. Darandaran ni kò mọ̀. Láàárín àwọn òkè wa, àwọn Fúlàní ni ó sábà máa ń da màlúù: tiwọn, àti èyí tí àgbẹ̀ fi sí ìkáwọ́ wọn.

Irú màlúù tí a ń pè ní Borgou wọ́pọ̀. Ó máa ń fara da àrùn tí eṣinṣin ń kó ran ẹran ju màlúù ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ní Bétécoucou, ìjọba ní oko ọ̀sìn tí a ti ń tọ́jú irú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ni ó ń fi omi bọmubọmu mú wàrà dì. Owó tí wọ́n pa nídìí rẹ̀, tiwọn ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, koríko a gbẹ, ẹran a wọ oko, ìjà a dé. Ní ìparí ọdún 2019, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi òfin de dída ẹran wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó ku tiwa: kí àgbẹ̀ má ṣe ro ojú ọ̀nà ẹran, kí darandaran má ṣe fi agbo sílẹ̀ fún ọmọdé nìkan. Ìgbẹ́ màlúù ń sọ ilẹ̀ jí, pòròpórò ọkà sì ń bọ́ màlúù. Bí a bá jẹ ẹran Ìdàáṣà, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.