Àmì Lára Purotéènì: Lẹ́tà Kan Ni Tàbí Odidi Ọ̀rọ̀?

Onímọ̀ tó bá fẹ́ mọ ibi tí purotéènì kan ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń fi àmì sí i lára. Àmì náà lè jẹ́ aró tó ń tàn, ó sì lè jẹ́ oògùn tí purotéènì náà yóò gbé délé àìsàn. Ọ̀nà kẹ́míkà wà, ọ̀nà ẹ́ńsáìmù náà wà. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní ohun tí a lè fi wé e.

Ẹ̀wọ̀n ámínò ásíìdì ni purotéènì. Oríṣi 20 ló wọ́pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní lẹ́tà tirẹ̀: K ni lysine, G ni glycine. A lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ purotéènì sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ gígùn.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọ̀nà kẹ́míkà máa ń wá. NHS ester, fún àpẹẹrẹ, máa ń lẹ̀ mọ́ K. Ó yá, kò sì di dandan kí a kọ́kọ́ tún purotéènì náà ṣe. Ṣùgbọ́n antibody, purotéènì tí ara fi ń bá àrùn jà, lè ní K tó lé ní 80. Bí àmì bá lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí antibody fi ń di àrùn mú, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Odidi ọ̀rọ̀ ni ẹ́ńsáìmù sortase A, tó wá láti ara bakitéríà Staphylococcus aureus, ń wá: LPXTG. X jẹ́ àyè tí lẹ́tà èyíkéyìí lè gbà. Sortase á gé e láàárín T àti G, á sì so àmì tí G wà níwájú rẹ̀ mọ́ T. Ẹ rántí àfòmọ́ a-: ó ń lẹ̀ mọ́ "pa ẹja" kó di "apẹja", ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ "ilé". Sortase náà ń ṣa ibi tó ń lẹ̀ mọ́. Ìnira ibẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi LPXTG sínú jíìnì purotéènì náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan aláìsàn. Ọ̀nà kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe Kadcyla, oògùn jẹjẹrẹ ọmú tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013. Ní ìpíndọ́gba, antibody kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi 3.5 ẹyọ oògùn, àmọ́ òmíràn kò gbé rárá, òmíràn sì gbé tó 8. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ èyí tó ṣófo lè gba àyè lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lásán, èyí tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù sì lè tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá ọ̀nà tó ń ka odidi ọ̀rọ̀, kí ẹrù gbogbo antibody lè dọ́gba.