Bí A Ti Í Mú Ajá Kejì Wọ Ilé

Ẹni tí ó bá ń rìn kiri ní àdúgbò Bódìjà ní ìlú Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ yóò máa gbọ́ ajá tí ń gbó láti ilé dé ilé. Àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní òpin àwọn ọdún 1950, ní àgbàlá tí ó fẹ̀, ọgbà sì yí wọn ká. Ajá lè sáré títí kí ó tó kan ògiri. A ti máa ń kọ ọ́ sí ara géètì pé, “Ẹ ṣọ́ra fún ajá.” Nítorí olè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sin ajá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ajá náà tó di ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ ilé. Bí ó bá wá pẹ́ títí, ajá a darúgbó, a máa sùn nígbà tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́nà. Tàbí kí aládùúgbò kan máa ṣí lọ sí òkè òkun, kí ó sì máa wá ẹni tí yóò gba ajá rẹ̀. Báyìí ni ajá kejì ṣe ń dé sí ilé alájá. Ọjọ́ tí ó bá dé gan-an sì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ bí ilé olórogún ṣe ń rí. Ajá tí ó ti wà nílé ni ìyáálé. Òun ni ó mọ igun tí oòrùn kì í dé, òun ni ó mọ ìró ọkọ̀ bàálé ilé láti òpin àdúgbò, abọ́ kan ṣoṣo tí ó wà nílé, tirẹ̀ ni. Lójijì ni a mú ẹlòmíràn wọlé tí kò mọ̀ rí, tí òórùn rẹ̀ yàtọ̀, tí gbogbo ọmọdé sì ń sáré lọ bá. Kò sí ìyáálé tí inú rẹ̀ yóò dùn sí irú èyí bí a kò bá bá a sọ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ajá kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a lè bá a sọ. Ìwà àwọn ará ilé ni yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ fún un.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sin ju ajá kan lọ. Àwọn ọdẹ a máa kó ajá méjì tàbí mẹ́ta lọ sí igbó, a sì máa so agogo kékeré mọ́ wọn ní ọrùn kí ọdẹ lè mọ ibi tí wọ́n wà nínú igbó dídí. Ajá tuntun a máa tẹ̀ lé ajá àgbà, a máa wo ohun tí àgbà ń ṣe, iṣẹ́ a sì máa wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó fẹ̀, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ tí ó ń gba ọkàn àwọn ajá náà. Àgbàlá ilé kò fẹ̀ tó igbó, ajá tí ó wà níbẹ̀ kò sì ní iṣẹ́ púpọ̀ ju kí ó máa ṣọ́ ohun tí ó pè ní tirẹ̀. Nítorí náà ni ohun tí kò le fún ọdẹ fi ń le fún ará Bódìjà.

Ibi tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú àlejò náà lọ kì í ṣe ilé, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni. Ìbàdàn kò ṣe aláìní nípa èyí: ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá, ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà fún ẹni tí ibẹ̀ bá yá lára. Dókítà yóò wo etí, eyín àti awọ ara rẹ̀, yóò fún un ní oògùn aràn, yóò sì wo káàdì rẹ̀ bí ó bá ní. Bí kò bá ní káàdì, kí a gbà pé kò tíì gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Ó dára kí àwọn ajá méjèèjì má ṣe jẹun tàbí sùn ní ojú kan náà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní parvo kì í fi ara hàn ní ọjọ́ tí ó wọ ara. A máa fi ara pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ àgbàlá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tí ó gbé e wá ti kú.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni dìgbòlugi. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, inú itọ́ ẹranko tí ó ní àrùn náà ni ó sì ń gbé. Bí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, kòkòrò náà yóò gba iṣan lọ sí ọpọlọ. Ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ohunkóhun tó hàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti hàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ń yè é. Nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi ń pa ní ayé, nǹkan bí 99 ni ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o bá wọn. Orúkọ Ìbàdàn pàápàá wà nínú ìtàn irú àrùn yìí: ní 1968, àwọn onímọ̀ rí kòkòrò kan tí ó jẹ́ ìbátan ti dìgbòlugi lára asín tí a mú ní Mọ́kọ́lá, wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò náà sọ ọ́. Títí di òní, Mokola ni àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń pè é. Àwọn tí ó mọ ìtàn bí asín ṣe máa ń gé imú jẹ yóò lè rẹ́rìn-ín sí èyí, bí kì í bá ṣe pé àrùn náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi wà, ó sì ti pẹ́ tí ó ti wà. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn ní 1885, nígbà tí a gbé ọmọkùnrin kan tí ajá ti bù jẹ wá bá a. Ọmọ náà kò kú. Ọmọ ajá tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta lè gba tirẹ̀, a sì ń tún un gbà ní ìgbà tí dókítà bá dá. Ilé tí ó bá fẹ́ mú ajá méjì pọ̀ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì ti gba abẹ́rẹ́ yìí ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, nítorí nígbà tí ajá bá ń jà, ọmọdé ni ó sábà máa ń sáré wọ àárín wọn.

Nígbà tí ara àlejò bá le tán, ìpàdé kù. Kò yẹ kí a ṣe ìpàdé yìí nínú àgbàlá, nítorí pé àgbàlá ní olówó. Ojú títì tí kò ní èrò ni ó dára jù, bí irú èyí tí ó wà láàárín àwọn ilé Bódìjà ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ní Agbowó, níwájú ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, níbi tí ilé ti fún pọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kún yàrá, ó lè jẹ́ kìkì kùtùkùtù òwúrọ̀ ni a óò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní Ring Road àti Challenge, ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ajá fara balẹ̀, nítorí náà kí a wọ inú àdúgbò lọ. Ènìyàn méjì ni yóò mú ajá méjèèjì, olúkúlùkù pẹ̀lú okùn tirẹ̀. Kí wọ́n jọ máa rìn lọ sí ìhà kan náà, kí àlàfo wà láàárín wọn, kí àlàfo náà sì máa dín kù bí wọ́n ti ń lọ. Okùn náà kò gbọ́dọ̀ le. Ajá tí a bá fà lọ́rùn gbagidi yóò rò pé ewu wà níwájú, yóò sì múra ìjà.

Kí a fi ojú sí ara wọn. Ìrù tí ń mì kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àmì ayọ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Bí ìrù bá nà ró ṣánṣán tí ó sì ń gbọ̀n, tí irun ẹ̀yìn dìde, tí ara le, tí ojú kò sì ṣẹ́, kí a yí padà ní kíá. Ṣùgbọ́n bí ajá bá na ọwọ́ rẹ̀ iwájú sílẹ̀ tí ó gbé ìdí sókè bí ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀ lápá kan, eré ni ó ń pe èkejì sí. Bí wọ́n bá gbóòórùn ara wọn díẹ̀ tí wọ́n sì tún yíjú sí nǹkan mìíràn, ìpàdé náà ti yọrí sí rere; kò pọn dandan kí wọ́n ṣeré ní ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ, ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá jù. Kí olúkúlùkù ní abọ́ tirẹ̀, kí àwọn abọ́ náà sì jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èkejì kò fi ní rí i. Kí a kọ́kọ́ bu ti àgbà fún un. Kí a má ṣe ju egungun kan sáàárín ajá méjì láéláé. Egungun adìyẹ tí a ti sè tilẹ̀ burú fún ajá kan ṣoṣo, nítorí ó máa ń fọ́ ṣọ́ṣọ́ṣọ́, a sì máa gún ìfun. Ọ̀pọ̀ ilé ń fún ajá ní àjẹkù ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà, wọn kò sì mọ̀ pé àlùbọ́sà tí ó wà nínú ọbẹ̀ náà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ bí ó bá pọ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ajá ní ìwà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí oúnjẹ ti ń mú itọ́ dà ní ẹnu rẹ̀. Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ṣàkíyèsí pé itọ́ ajá a máa dà kí oúnjẹ tó dé, bí ó bá ti gbọ́ ìró tí ó máa ń ṣáájú oúnjẹ náà. Ajá ń so nǹkan méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn pọ̀ ní ọkàn. Nítorí náà, bí ó bá ṣe pé ní ìgbàkígbà tí àlejò bá wọ yàrá, àgbà ń rí ẹran díẹ̀ gbà, kò ní pẹ́ kí àgbà tó máa retí àlejò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ní ìgbàkígbà tí àlejò bá yọjú ni wọ́n ń lé àgbà síta tàbí tí wọ́n ń nà án, òun náà yóò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kórìíra.

Bákan náà ni ti ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Kí a mú ọmọ ajá jáde nígbà tí ó bá jí, nígbà tí ó bá jẹun tán, àti nígbà tí ó bá ṣeré tán. Kí a yìn ín ní kété tí ó bá ṣe é síbi tí ó yẹ. Àwọn kan a máa fi imú ajá nu ìtọ̀ tí ó tọ̀ sílẹ̀ láti wákàtí méjì sẹ́yìn. Ajá náà kò mọ ìdí ìyà yìí. Ohun kan tí ó kọ́ ni pé ọwọ́ ènìyàn kò ṣeé fọkàn tán. Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, ṣùgbọ́n nínú ilé ajá méjì, kí pàṣán náà kúkú jóná. Ajá tí a nà nítorí pé ó kùn yóò dẹ́kun kíkùn, kò ní dẹ́kun ìbínú. Ní ọjọ́ mìíràn yóò bu ni jẹ láìkùn rárá. Kíkùn ni ìkìlọ̀ tí ajá ní, ọlọ́gbọ́n kì í sì í pa ẹni tí ó ń kìlọ̀ fún un lẹ́nu mọ́.

Àwọn tí ó ń gba ajá tọ́ sábà máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rù fi ń ba àlejò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń mọ ìṣe ilé, oṣù mẹ́ta ni ó fi ń gbà pé ilé òun ni. Èyí kì í ṣe òfin. Scott àti Fuller, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì tí ìwé wọn lórí ìwà ajá jáde ní 1965, fi hàn pé láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí ni ọkàn ajá ń ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ènìyàn àti ajá mìíràn. Èyí tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ìgbà náà yóò gba sùúrù ju oṣù mẹ́ta lọ. Akọ àti abo sábà máa ń rẹ́ ju abo méjì lọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá fẹ́ ọmọ ajá, kí dókítà tẹ akọ lọ́dàá.

Oṣù Kejìlá ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Nígbà náà ni àwọn ọmọ ń yin bángà káàkiri Ìbàdàn, ajá tuntun tí kò tíì mọ ilé a sì máa fo ọgbà sá lọ. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti àlejò yìí kò rí bẹ́ẹ̀, kò tíì mọ fèrè náà ni. Kí a tì í mọ́ inú ilé ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, kí nọ́ńbà tẹlifóònù olówó rẹ̀ sì wà lára okùn ọrùn rẹ̀.

Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọwọ́ bọ àárín wọn. Omi garawa kan tí a dà lù wọ́n lójijì, tàbí pákó tí a tì bọ àárín wọn, sàn jù. Bí eyín bá kan ènìyàn, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe pé ajá ilé ni. Kí a má ṣe pa ajá náà. Kí a so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà lè wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí bí ó bá jẹ́ pé dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, yóò hàn kí ọjọ́ náà tó pé.

Àwọn ajá kan wà tí kì yóò rẹ́ láéláé, kò sì sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Nígbà tí ó bá hàn bẹ́ẹ̀, kí ìdílé náà wá ilé mìíràn tí kò ní ajá fún àlejò, kí wọ́n fi káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé olówó rẹ̀ tuntun lọ́wọ́, kí wọ́n sì sọ gbogbo ohun tí ó máa ń bí i nínú fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.